Mo Kọ Ọ́ Sínú Ìwé Pé Mùfú Ti Relé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti pa á rẹ́. Nǹkan kan wà nínú mi láti bí ọgbọ̀n ọdún, tí mi ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi jáde láyé, tí mi ò sọ fún àwọn ọmọ mi, tí mi ò sì lè gbé lọ bá ààfáà wa. Mo ti di ìyá àgbà. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí mi ládùúgbò. Bí wọ́n bá ti kúnlẹ̀ báyìí, ọkàn mi á bi mí pé, ṣé ìwọ náà ni wọ́n ń kúnlẹ̀ fún?

Ohun tó mú kí n sọ̀rọ̀ nísinsìnyí ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ gbé Kùránì lé bàbá arúgbó kan lọ́wọ́ ní àdúgbò Bépanda ní Douala níbí, kí ó fi búra pé òun kọ́ ló gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sọnù. Bàbá náà ò gbé ẹnikẹ́ni sọnù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú, torí èmi ni mo pa irọ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fura sí. Àwọn orúkọ tí mo máa dá níbí, mo ti yí wọn padà. Ìyókù, bó ṣe rí ni mo ṣe máa sọ ọ́.

Douala ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo wà títí di òní. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Kò pẹ́ tí mo bí ọmọ mi kejì ni nǹkan dẹnu kọlẹ̀ ní Cameroon. La crise ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọjà ò tà mọ́. Àwọn ará wa tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Douala láti ayé bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ẹrù mọ́. Tí ẹ bá béèrè ẹnì kan lónìí, wọ́n á ní ó ti relé. Tí ẹ bá béèrè ẹlòmíràn lọ́la, wọ́n á ní òun náà ti relé. Nàìjíríà ni wọ́n ń pè ní ilé. Ó wá di àwàdà lẹ́nu wa. Tí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, dípò ká kíra wa, a ó ní, "Ìwọ ò tíì relé ni?"

Ìsọ̀ ọkọ mi náà ò mú nǹkan kan wá mọ́. Ìgbà yẹn ni mo gba iṣẹ́ ní ilé Mama Odile ní àdúgbò Kotto.

Ọmọ onílùú ni Mama Odile, opó ni, tísà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un, òye rẹ̀ ò yára bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kú, ó sọ ilé rẹ̀ di ibi tí irú wọn á máa gbé. Ẹ má rò pé ọmọdé ni wọ́n o. Àgbà ni gbogbo wọn, ọkùnrin mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta, tí wọn ò lè dá gbé, tí ẹbí ò sì lè dá tọ́jú. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní òdè, ní dìndìnrìn. Mi ò ní purọ́ fún yín, èmi náà ti pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí kí n tó débẹ̀. Kò tó oṣù kan tí mo fi mọ̀ pé èmi gan-an ni òdè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa wọn. Mo fẹ́ràn wọn, mi ò sì rí ẹni bá sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Tata ni gbogbo wọn ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí níbí. Joséphine wà níbẹ̀, ọmọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó bá ti wọlé, ọkọ rẹ̀ ni. Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe, ọkọ rẹ̀ ni. Pásítọ̀ tó wá gbàdúrà fún wa, ọkọ rẹ̀ ni. Á bu nínú oúnjẹ rẹ̀ fún ọkọ tuntun, á wá máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí kí n má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Émile wà níbẹ̀, ó ń lọ sí àádọ́ta ọdún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbá, ojú kan náà ló sì ń gbá láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Tí ẹ bá gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ ti dá ọ̀tá. Ọjọ́ méjì ni kò ní í fi bá yín sọ̀rọ̀.

Mùfú sì wà níbẹ̀. Ọmọ tiwa ni Mùfú. Ó ga, ó dúdú, ó lágbára, ó tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ti kó àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń gbé ní Bépanda, títí ọ̀nà á fi dára. Àlàájì ni mo máa pe àbúrò bàbá yìí. Òwò ń gbé Àlàájì lọ sí òkè Cameroon lọ́hùn-ún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà mìíràn, àwọn ọmọ àdúgbò á sì máa sọ òkò lu Mùfú lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi mú un wá sí Kotto. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó bá wà nílé ló ń wá wò ó, á mú ẹ̀pà sísè dání, àwọn méjèèjì á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa bó o jẹ láìsọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu Mùfú ò pọ̀. Kíkí kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ kọ́ ọ tó mọ́ ọn lára, "Ẹ kú iṣẹ́." Òun ló fi ń kí gbogbo ènìyàn nígbà gbogbo. Tí mo bá ń fọṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Tí mo bá ń kírun, ẹ kú iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí oorun gbé mi lọ lórí àga, mo lajú, mo rí i tó dúró tì mí, ó ní, "Tata, ẹ kú iṣẹ́." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Oúnjẹ nìkan ló ń mú un kánjú. Ṣe ló máa ń gbé e mì bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá já a gbà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé mo máa ń gé tirẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí kí n fi síbí tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀.

Nítorí pé mo ka ìwé Faransé díẹ̀ ní kékeré, Mama Odile ní kí èmi máa kọ ìwé ilé. Ìwé ńlá kan ni. Ẹni tó bá wọlé, à ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kúrò, à ń kọ ìdí tó fi kúrò. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà fún ìdí. Èkíní ni décédé, ìyẹn ni pé ó kú. Èkejì ni rentré en famille, ìyẹn ni pé ó ti padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀.

Émile ló kọ́kọ́ lọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Ó dìde lójijì láìsọ̀rọ̀, kò húkọ́, ojú rẹ̀ kàn ràn. Wárápá ni a rò pé ó fẹ́ mú un, torí wárápá máa ń mú ẹlòmíràn nínú wọn. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ fún wárápá ni pé kéèyàn ki síbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu kí ó má gé ahọ́n jẹ. Mo ki síbí bọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ pé búrẹ́dì ló há a lọ́fun. Ìgbà tí a ń wẹ òkú rẹ̀ ni a tó rí i. Takisí ò tíì dé tó fi dákẹ́. Mùfú wá dúró tì í, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì mo ṣí ìwé. Mo gbé bíró, mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n kọ. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe tọ́ wa. A kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́lẹ̀ gbàgà. Àgbà kì í kú lẹ́nu wa, ó sùn ni, ó papò dà ni, ó ti relé ni. Mo ní nínú ara mi pé, Émile ti relé. Mo sì kọ rentré sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, lọ́jọ́ yẹn mi ò ní ẹ̀tàn lọ́kàn. Ọwọ́ mi ló kọ̀.

Mama Odile wò ó títí, ó pa ìwé náà dé. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló dára. Tí a bá kọ èkejì, ó ní ìwé ọlọ́pàá máa bá a rìn, ìbéèrè sì máa bá a rìn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, obìnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba láti wo ilé wa. Ó yẹ ìwé náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, nínú ìnira tó wà nílùú yìí, ẹ̀yin ò sin ẹnikẹ́ni? Ó bọ Mama Odile lọ́wọ́. Ó bọ èmi náà lọ́wọ́. Inú mi dùn. Ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi gan-an nìyẹn, pé inú mi dùn. Mo lọ sílé, mo sọ fún ọkọ mi pé ìjọba yìn mí.

Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ni obìnrin yẹn. Ká ní ó rí i kà pé ẹnì kan kú ni, ì bá béèrè pé kí ló pa á. Ká ní a sọ pé búrẹ́dì ni, ì bá kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká ṣe. Ogún ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun náà, nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ń kọ́ àwọn òbí ní iléèwé ọmọ ọmọ mi. Ó ní tí oúnjẹ bá há èèyàn lọ́fun, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn dáadáa, kí wọ́n má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Mo dìde, mo wọ ilé ìtọ̀ lọ, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Mo ti ń dé ibi tó ń dùn mí.

Àwọn olóṣèlú dá ville morte sílẹ̀ lọ́dún náà. Ìyẹn ni pé kí gbogbo ìlú ti ilẹ̀kùn, kí ọkọ̀ má rìn, kí ọjà má ṣí. Wọ́n ń dáná sun táyà ní àdúgbò Deïdo, ẹnikẹ́ni ò lè gba orí afárá kọjá. Àlàájì ti lọ sí òkè lọ́hùn-ún nídìí òwò kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà sì ti dí mọ́ ọn lọ́hùn-ún. Èmi náà ò lè lọ sílé. Ilé Mama Odile ni mo sùn fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni. Mo se ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja. Bí mo ṣe ń bu oúnjẹ lọ́wọ́ ni ariwo sọ lójú títì. Mo gbé abọ́ Mùfú fún un. Mi ò gé e. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo máa padà wá gé e, mo sì sáré lọ sí ẹnu géètì láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìyá tó ń gbé lódìkejì wà níbẹ̀, ó ń sọ ẹni tí wọ́n mú àti ẹni tí wọ́n lù. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo dúró.

Joséphine wá bá mi, ó fa ìró mi. Ó ní, "Tata, Mùfú. Mùfú." Mo rò pé ìjà wọn ni, torí wọ́n ti ń jà sórí ẹja láti òwúrọ̀. Mo ní kó dúró, mò ń bọ̀. Ó tún fà á. Mo já ìró mi gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo padà, Mùfú ti wà nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn mú. Ó wò mí. Ojú tó fi wò mí kì í ṣe ojú ìbínú. Ojú ẹni tó gbàgbọ́ pé Tata ti dé ni. Mo pariwo kí wọ́n mú síbí wá. Síbí yẹn náà ni mo tún pè. Orí itan mi ló kú sí, mo sì ń gbọ́ ìyá ọ̀hún tó ṣì ń sọ̀rọ̀ níta.

Ọlọ́dẹ ilé kejì jẹ́ Hausa, àgbà tó mọ ẹ̀sìn. Òun ló wẹ̀ ẹ́. Òun àti ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n rí kó jọ ládùúgbò ló kírun sí i lára. Aṣọ funfun tí wọ́n fi dì í, èmi ni mo ránṣẹ́ mú un wá láti inú ọjà ọkọ mi nígbà tí wọ́n dẹ ìlú díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi bi mí ta ló kú. Mo ní aládùúgbò kan ni. Mo mọ ibojì náà. Mo máa ń lọ tu koríko ibẹ̀ lọ́dọọdún. Mi ò tíì mú ẹnikẹ́ni débẹ̀ rí.

Mama Odile sunkún fún ọjọ́ púpọ̀. Ó ní tí ìjọba bá gbọ́, wọ́n á ti ilé pa, níbo ni àwọn tó kù máa lọ? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n èmi, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, kì í ṣe wọn ni mo rò. Ẹnu géètì yẹn ni mo rò, àti ìró tí mo já gbà. Mo ṣí ìwé, mo kọ ọ́ pé Mùfú ti padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Rentré en famille. Lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ mi ò kọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àlàájì dé. Ó kó dàbínù wá láti òkè, ẹ̀kún ọ̀rá kan. Faransé tirẹ̀ ò kọjá ti ọjà, nítorí náà èmi ni mo máa ń túmọ̀ láàárín òun àti Mama Odile. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí pálọ̀. Mama Odile wo ilẹ̀, ó ní, "Monsieur, il est rentré."

Mo wo Àlàájì. Mo tẹrí ba. Mo rọra sọ ọ́, mo ní, "Àlàájì, Mùfú ti relé."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi dá sí i. Bó bá jẹ́ ọdún mìíràn ni, tí obìnrin tẹrí ba sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún àgbàlagbà, fìlà á ṣí lórí rẹ̀, á ní Innā lillāhi, bí a ṣe ń sọ tí a bá gbọ́ ikú. Mo fẹ́ kó yé e. Mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má yé e. Ṣùgbọ́n ọdún tí gbogbo wa ń relé ni. Àlàájì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó ti relé? Alihamudulilahi! Ta ló wá mú un?"

Mama Odile bi mí pé kí ló sọ. Mo sọ fún un. Ó wò mí. Mo ní àyè láti tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ pé mi ò ní àyè. Mo ní àyè.

Mo ní, "Àwọn ará ilé ni, Àlàájì. Wọ́n ní Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn ti wá."

Ó gbé dàbínù náà fún mi. Ó ní kí n pín in fún àwọn yòókù, pé Mùfú á rí ti ilé jẹ.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi burú. Àlàájì ránṣẹ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ pé ṣé ọmọ dé láyọ̀. Wọ́n ní ọmọ wo? Àwọn ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá sí Douala láti wádìí, Mama Odile sì gbé ìwé tí mo kọ jáde fún un. Ó kà á pé ó ti padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Ẹbí wo ló tún ní ní Douala, bí kì í ṣe Àlàájì? Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ náà sú u, ló bá lọ já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn kan sọ ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí mi ò lè kọ síbí. Ìyá Mùfú kú sínú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò jẹ́ kí Àlàájì wá síbi ìsìnkú rẹ̀.

Àlàájì gbà pé àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló fi orúkọ ẹbí tan wá. Ó lọ láti gáréèjì dé gáréèjì, ó ń ṣàpèjúwe Mùfú fún àwọn awakọ̀. Kò fura sí mi rí. Ará ìlú kan náà ni òun àti ọkọ mi, ìyàwó wa ló ń pè mí. Gbogbo Jímọ̀ tí a bá pàdé, á ní, "Ìyàwó wa, Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ọmọ yẹn." Èmi á ní àmín. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣe àmín.

Mama Odile náà ti kú. Nígbà tí ilé náà tú, ọ̀dọ̀ mi ni Joséphine wá ń gbé. Ọdún mọ́kànlá ló lò lọ́dọ̀ mi, ó fẹ́ ọkọ mi, ó fẹ́ àna mi, ó fẹ́ ẹni tó ń ka iná. Ó kọ́ àwọn ọmọ mi ní ẹ̀rín. Nígbà tí àìsàn pa á, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ó kú, kí wọ́n kọ ọjọ́, kí wọ́n kọ ohun tó pa á. Òun nìkan ni mo ṣe é fún. Ìwé ńlá ti Kotto sì wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí mi.

Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan pè mí lórí WhatsApp láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àbúrò Mùfú ni, èyí tó kéré jù. Mo máa pè é ní Síkírá. Ọmọ kékeré ni nígbà tí wọ́n kó wọn lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú pé mo dà yín láàmú. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi." Ó bi mí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ó ní òun ò ní ju àwòrán kan lọ. Ó ní òun gbà pé ó wà láàyè níbì kan, pé á ti hewú báyìí. Mo sọ fún un nípa ẹ kú iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní òun ń bọ̀ wá sí Douala, pé òun ti bá ìmáàmù sọ̀rọ̀, Àlàájì sì ti gbà láti búra. Ó ní òun ò fẹ́ kí bàbá náà kú kó tó sọ ibi tó gbé ẹ̀gbọ́n òun sí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ ó ní ìbúra òtítọ́ kì í pa ẹni tó búra, ẹ ó ní kí n jẹ́ kó búra kí ọ̀rọ̀ tán. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí wọ́n gbé e sáàárín àwọn ọmọ tó yẹ kó máa kúnlẹ̀ kí i, kó máa búra nítorí èmi. Tó bá sì búra tán, Síkírá á ṣì máa wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kiri.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí Àlàájì bá gbọ́ ọ, ó lè má là á. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gbé mi ṣépè, wọ́n á gbé e dé orí àwọn ọmọ mi tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣé kí n lọ pàdé Síkírá níbi tó bá ti sọ̀ kalẹ̀, kí n mú un lọ síbi ibojì? Ṣé ọ̀dọ̀ Àlàájì ni kí n kọ́kọ́ lọ, ní òun nìkan? Àbí kí n gbé ìwé náà lọ síwájú gbogbo wọn lọ́jọ́ Sátidé? Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí jáde rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi. Mi ò bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ gbè mí.

Àlàájì fúnra rẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ Túsìdeè. Ó gun àtẹ̀gùn náà díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi. Ó ní kí n wá jẹ́rìí òun lọ́jọ́ Sátidé, pé ohun tí mo fojú rí nìkan ni kí n sọ. Ó ní òun ò bẹ̀rù ìbúra. Ó ní ohun tó ń dun òun ni pé òun ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un lọ. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí kò bi mí rí láti ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, "Ìyàwó wa, nígbà tó ń lọ, ṣé ó sunkún?"

Mo ní, "Rárá, Àlàájì. Kò sunkún."

Ó ní Ọlọ́run ṣeun. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi, báwo ni mo ṣe máa sọ ìyókù fún un?